Ọmọ Tí Wọ́n Wá Wẹ̀ ní Alágbàká

Ìròyìn pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún Monílọ́lá ní Àkúrẹ́ pẹ́ ní ọjọ́ kan kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá ìjọ ní Oǹdó, inú sì bí Ìyá Olúgbémiga, olórí ẹgbẹ́ wọn. Ìyá Monílọ́lá kò sọ ju pé iṣẹ́ abẹ yọrí sí rere, ni wọ́n bá fi orí ara wọn parí ìyókù. Obìnrin tó ti pé ọdún mẹ́rin nílé ọkọ, tí gbogbo ìjọ ń gbààwẹ̀ fún, kí ni dókítà tún fẹ́ yọ lára rẹ̀ bí kò ṣe ọmọ? Àkúrẹ́ ló kúkú ń gbé. Ta ló rí ikùn rẹ̀?

Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ó ti padà sílé, obìnrin mẹ́fà háyà bọ́ọ̀sì, wọ́n sọ̀kalẹ̀ ní Alágbàká, àdúgbò tí Monílọ́lá ń gbé ní Àkúrẹ́, láàárọ̀ Sátidé pẹ̀lú ọṣẹ dúdú, àdí, ẹja gbígbẹ àti báàfù tuntun tí wọn yóò fi wẹ ọmọ.

Jẹjẹrẹ ló mú ọyàn òsì Monílọ́lá, wọ́n sì ti gé e. Ó ku abẹ́rẹ́ jẹjẹrẹ mẹ́fà tí yóò máa lọ gbà nílé ìwòsàn. Stephen ọkọ rẹ̀ ń kọ́ni ní Ìta-Ògbólú, kì í ráyè lọ́jọ́ iṣẹ́, nítorí náà ìyá Monílọ́lá ní òun ni yóò máa bá a lọ, kí ayé má baà gbọ́. Ẹ̀rù èyí ń ba Monílọ́lá ju abẹ́rẹ́ lọ. Nígbà tí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò, ẹkún ìyá rẹ̀ pọ̀ débi pé ìyá náà ni nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Monílọ́lá ló ń fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀.

Bí ìyá náà ṣe rí báàfù lẹ́nu ọ̀nà, ó sáré lọ pa ilẹ̀kùn yàrá Monílọ́lá dé. Ó ní kí wọ́n rọra, ọmọ ń sùn.

Àwọn ìyá jókòó, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ìyá Olúgbémiga béèrè bóyá akọ ni tàbí abo.

“Ó jọ bàbá ẹ̀,” ni ìyá Monílọ́lá wí.

“Bàbá ẹ̀ nírùngbọ̀n. Ohun tí mo bi yín kọ́ nìyẹn.”

Nínú yàrá, Monílọ́lá rí ìkókó onírùngbọ̀n náà kedere lójú inú rẹ̀, tó ń bínú nínú báàfù. Ó di báńdéèjì rẹ̀ mú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti oṣù méjì. Ó jáde sí wọn.

“Ẹ kú àbọ̀, ẹ̀yin ìyá wa. Kò sọ́mọ. Jẹjẹrẹ ọyàn ni mo ní. Wọ́n ti gé ọ̀kan.”

Ìyá rẹ̀ fi gèlè bojú. Ìyá Olúgbémiga wo báńdéèjì náà, ó ní ta ló ń bá a fọ ẹ̀yìn, nígbà tí kò lè gbápá sókè. Kò sẹ́nì kan. Ó ní kí wọ́n gbómi kaná.

Ó wẹ ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀, kò jẹ́ kí omi kan báńdéèjì. Ó sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n òun ní Ìjàrẹ ní irú rẹ̀, ó tijú, ó fi pamọ́ títí ó fi kú. Kò sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Nínú kíṣìnì, àwọn márùn-ún yòókù ń jiyàn bóyá ó yẹ kí ẹni tí kò bímọ lá ọbẹ̀ abiyamọ. Wọ́n dìbò. Ọbẹ̀ ló wọlé.

Ìyá Monílọ́lá fa ọmọ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ pé àṣírí náà ṣì lè bò, kó jẹ́ kí òun sọ fún wọn pé eéwo ni. Òun nìkan ni yóò máa bá a lọ gba abẹ́rẹ́.

Monílọ́lá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Màámi, Ìyá Olúgbémiga ni mo fẹ́ kí wọ́n máa bá mi lọ. Tí ẹ̀yin bá bá mi lọ, èmi ni mò ń rẹ̀ yín lẹ́kún, mi ò sì lágbára ẹ̀ mọ́.”