Oògùn Tí Kò Korò

Ràúdátù ọmọ Alùfáà Abdulraheem ló ń tọ́jú ìwé ní ilé-iṣẹ́ oògùn kan lójú ọ̀nà Àsà Dáàmù, níbi tí wọ́n ti ń se oògùn olómi fún ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Èkó. Ìlọrin ni wọ́n ti ń sè é, Ìlọrin ni wọ́n ti ń rọ ọ́ sínú ìgò, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn ará Èkó ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn, nọ́ńbà tí àwọn ará Èkó bá fún un ni wọ́n sì ń tẹ̀ sí i lára. Ọdún kẹsàn-án rẹ̀ níbẹ̀ ni 1995. Kò sí ìsè kan tí kò lè sọ ìtàn rẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n sè é, àgbá tí wọ́n fi sè é, ẹni tó wọn ìyẹ̀fun oògùn sí i, iye páálí tó jáde. Bí o bá jí i lójú oorun bi í, yóò dá ọ lóhùn kó tó lajú.

Ìgbà tí àwọn ará Èkó ra kọ̀ǹpútà tuntun ni wàhálà dé. Kọ̀ǹpútà ti Ìlọrin ti gbó, díìsì ńlá pẹlẹbẹ ló ń lò. Ti Èkó, kékeré ló ń gbà. Ohun tí ọ̀kan bá kọ, èkejì kò lè kà á. Oṣù mẹ́ta ni Ràúdátù fi ń tẹ àkọsílẹ̀ sórí bébà, tí àwọn ará Èkó tún ń jókòó tẹ̀ ẹ́ padà sínú tiwọn. Nígbà tó sú wọn, wọ́n rán onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan wá, ọkùnrin tó de táì nínú oòrùn oṣù kẹrin. Ó so ẹ̀rọ kan mọ́ wáyà tẹlifóònù, ó sì ṣe ètò tí yóò máa gbé àkọsílẹ̀ Ìlọrin lọ sí Èkó. Gbogbo ilé-iṣẹ́ ló pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ tí àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ dé ọ̀hún.

Àmọ́ Ràúdátù ti rí nǹkan kan. Ní Ìlọrin, ọjọ́ ni wọ́n ń kọ ṣáájú oṣù. Kọ̀ǹpútà Èkó, Amẹ́ríkà ló ti wá, oṣù ló sì ń kà ṣáájú ọjọ́.

"Ọ̀gá," ó wí fún onímọ̀ náà, "bí mo bá kọ 9/6, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà ni mò ń wí. Kí ni ẹ̀rọ yín máa kà á sí?"

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, màdáàmù. Tí nọ́ńbà bá ti kọjá méjìlá, ẹ̀rọ á mọ̀ pé kì í ṣe oṣù, á yí i padà fúnra rẹ̀."

"Tí kò bá wá kọjá méjìlá ńkọ́?"

Ọkùnrin náà wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní òun á tún un ṣe bí òun bá dé Èkó.

Kò tún un ṣe. Ràúdátù kọ lẹ́tà lẹ́ẹ̀mejì, kò rí èsì. Nígbà tó mú ẹ̀kẹta lọ bá Àlàájì Gàní tó ni ilé-iṣẹ́, Àlàájì kà á tán, ó ká a pọ̀, ó fi í sábẹ́ ife tíì.

"Ràúdá, ọmọ mi, ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ló ń du iṣẹ́ yìí mọ́ wa lọ́wọ́. Ṣé àwa la máa wá kọ́ ará Èkó ní kọ̀ǹpútà? Gbà, fọwọ́ sí èyí."

Ìwé tó nà sí i sọ pé àkọsílẹ̀ Ìlọrin àti ti Èkó bára mu. Ràúdátù ka ìwé náà. Ó ro ti àwọn ogójì ènìyàn tó ń jẹ lára iṣẹ́ náà, ó ro ti ara rẹ̀ pẹ̀lú. Ó fọwọ́ sí i.

Nígbà tí oṣù kẹsàn-án ń parí lọ, Olúdáre, ọmọ Ọ̀mù-Àrán tó ń yẹ oògùn wò ní lábù, já wọlé bá a láìkan ilẹ̀kùn.

"Àǹtí Ràúdá, oògùn ibà ọmọdé tí a sè lọ́jọ́ kẹfà oṣù yìí. Ẹ rántí pé kẹ́míkà àyẹ̀wò tán lọ́wọ́ wa lọ́sẹ̀ náà, tí wọ́n ní ká jẹ́ kó jáde ná? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ ìgò tí a tọ́jú sílẹ̀ wò ni. Kò sí oògùn níbẹ̀. Ṣúgà àti omi lásán ni. Àpò mìíràn ni ẹni tó wọ̀n ọ́n gbé dípò ti ìyẹ̀fun oògùn."

Àlàájì fúnra rẹ̀ ló pe Èkó lórí fóònù. Ó fẹnu sọ ọ́ kedere: ìsè ọjọ́ kẹfà oṣù kẹsàn-án, kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ padà. Àwọn ará Èkó bi kọ̀ǹpútà wọn, kọ̀ǹpútà fún wọn ní nọ́ńbà, wọ́n sì fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí gbogbo ìsọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, páálí ti padà dé. Wọ́n dáná sun ún lẹ́yìn ilé-iṣẹ́, wọ́n kọ ìwé ẹ̀rí pé ó ti jóná, Àlàájì sì pe àwọn alùfáà, wọ́n ṣàdúà, ó ṣe sàárà.

Ràúdátù jókòó láti kọ iye páálí tó padà sínú ìwé ńlá. Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni. Ó ṣí i sí ojú ewé ọjọ́ kẹfà oṣù kẹsàn-án kó lè kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tó jáde. Méjìdínláàádọ́ta ló jáde.

Ó tún un kà, ó tún un kà. Báwo ni páálí méjìdínláàádọ́ta ṣe máa lọ, tí mẹ́tàdínlọ́gọ́ta máa bọ̀? Ó ṣí ìwé padà sí ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà. Ọgọ́rin páálí oògùn ibà ọmọdé kan náà ló jáde lọ́jọ́ yẹn, oògùn gidi, oògùn tí Olúdáre yẹ̀ wò tó sì yege. Kọ̀ǹpútà Èkó ti pààrọ̀ ọjọ́ méjèèjì fún ara wọn. Oògùn gidi ni wọ́n dáná sun. Omi ṣúgà ṣì wà nígboro.

Àlàájì ní ìwé ẹ̀rí ti jáde, ọ̀rọ̀ ti tán. Ràúdátù bẹ̀ ẹ́ títí kó tó jẹ́ kó pe Èkó. Obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Tẹniọlá ló gbé fóònù. Ràúdátù ka nọ́ńbà ara ìgò tó wà ní lábù fún un, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀.

"Màdáàmù, ìsè oṣù kẹsàn-án tí ẹ ń wí, kọ̀ǹpútà ní ó ti jóná."

"Ohun tí mò ń sọ fún yín nìyẹn, kò jóná! Òmíràn lẹ pè padà."

"Nọ́ńbà tí ẹ pè yìí, ti oṣù kẹfà ló wà níbí, kò sì sí ẹ̀sùn kankan lórí ti oṣù kẹfà. Kí ọ̀gá yín kọ̀wé wá. Kí ẹ̀yin náà ṣàlàyé ìwé tí ẹ fọwọ́ sí lóṣù karùn-ún, pé àkọsílẹ̀ bára mu."

Ràúdátù gbé fóònù sílẹ̀, ó lọ bẹ Àlàájì. Àlàájì kò kọ̀wé. Ó lọ sí ilé-iṣẹ́ rédíò, wọ́n ní àwọn kò lè kéde láìrí lẹ́tà ilé-iṣẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, òun àti Olúdáre wọ mọ́tò Ìjàpá Olúdáre, wọ́n lọ sí Ọjà Tuntun. Ìsọ̀ mẹ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀ tí wọn kò rí nǹkan kan. Ẹ̀kẹrin jẹ́ ti Àlájà Hajarat, ìyá àgbà kan tó ti ń ta oògùn ó lé lógún ọdún.

"Ẹ kú ọjà o, Àlájà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní oògùn ibà tó ní nọ́ńbà yìí lára?"

Ìyá náà gbé gíláàsì sójú. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ìròyìn rẹ̀ nìyẹn! Páálí mẹ́ta ni mo rà, ìgò márùn-ún ló kù. Gbogbo ìyá ọmọ ló ń bèèrè èyí tí kò korò. Èyí tí wọ́n wá kó lọ níjelòó, ṣe ni àwọn ọmọ ń tu ú dànù. Ṣùgbọ́n èyí, wọ́n á tún lá ṣíbí rẹ̀ ni."

Olúdáre kọjú sí títì. Oògùn ibà tó bá pé, kíkorò ló ń korò. Nítorí pé kò sí nǹkan nínú èyí ni wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀, òun náà ló sì yá tà jùlọ.

"Àlájà," Ràúdátù wí, "ṣé ẹ fún ọmọ kankan nílé?"

"Zahrah, ọmọ ọmọ mi. Ara rẹ̀ ti ń gbóná láti ọjọ́ Àlàrùbá. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni mò ń fún un. Inṣáláàhù, á yá."

Wọn kò jẹ́ kó pa ìsọ̀ dé tán. Ẹ̀yìn ọjà ni ilé wà. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Zahrah, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ ṣùgbọ́n kò mọ ẹnìkankan mọ́. Gìrì mú un lẹ́ẹ̀mejì nínú mọ́tò kí wọ́n tó dé ọsibítù. Dókítà ní ká ní wọ́n ti gbé e wá ní ọjọ́ méjì ṣáájú ni. Lọ́jọ́ Àtìní, kí wọ́n tó kírun ọ̀sán, ọmọ náà kú.

Ràúdátù lọ kí wọn lọ́jọ́ kẹta. Ó kúnlẹ̀ níwájú Àlájà Hajarat, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti ọjọ́ àti oṣù, ti lẹ́tà àti ìwé. "Èmi ni mo fọwọ́ sí i, Àlájà. Mo mọ̀ pé kò bára mu, mo sì fọwọ́ sí i."

Àwọn obìnrin tó wà níjòókòó rò pé ìyá náà máa lé e jáde. Kò lé e. Ó bẹ̀rẹ̀ sí dárúkọ ènìyàn, ohùn rẹ̀ kò sókè, kò sílẹ̀.

"Mo tà á fún Hadiza onígi ìdáná. Mo tà á fún ìyàwó Abdulwaris. Talatu tó ń gbé Adéwọlé, ìgò méjì ló rà. Ọlọ́run mi o, mo ní kó mú ìkejì pamọ́."

Ràúdátù fa bírò yọ, ó ń kọ ọ́. Mẹ́tàlélógún ni Àlájà lè rántí. Àwọn yòókù jẹ́ èrò ọ̀nà, àwọn tó wá láti Bódè Sàádù, láti Jẹ́bà, tó ra ìgò kan tí wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ìsọ̀ kan ṣoṣo sì nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ náà ni Àlàájì Gàní gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ó ń tú àṣírí ilé-iṣẹ́. Ẹlòmíràn jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ náà sì ń gbé àkọsílẹ̀ lọ sí Èkó lójoojúmọ́ bó ṣe ń gbé e tẹ́lẹ̀.

Ilé Hadiza ni Ràúdátù àti Olúdáre kọ́kọ́ dé. Ọmọ rẹ̀ ń ṣeré nínú erùpẹ̀, ibà rẹ̀ ti lọ fúnra rẹ̀. Ràúdátù gba ìgò lọ́wọ́ Hadiza, ó dà á sílẹ̀. Ní ilé Abdulwaris, ilẹ̀kùn wà ní títì, àwọn ará ilé ní wọ́n ti gbé ọmọ lọ sí abúlé ìyá rẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ orúkọ abúlé náà.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí wọ́n dé Adéwọlé. Talatu jáde sí wọn pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. Ràúdátù kí i, ó sọ ibi tí àwọn ti wá, ó bèèrè oògùn ibà tó rà lọ́jà, ó bèèrè ọmọ.

Talatu wo Ràúdátù, ó wo Olúdáre.

"A ti sin ín lọ́jọ́ Jímọ̀," ló wí. Ó sún kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n lè wọlé jókòó.