Ọjọ́ tí Wọ́n Sọ Kádínà Kalẹ̀

“Bàbá, ẹ má so okùn mọ́ ọn lọ́rùn!”

Ọwọ́ Ostilio dúró lójú kan. Òun àti Tecla ọmọ rẹ̀ wà lórí pákó gíga nínú ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì kan ní ìlú Viterbo nílẹ̀ Ítálì, níwájú ère Kádínà kan, láti orí dé àyà, tí wọ́n fi òkúta mábù gbẹ́ ní bí irínwó ọdún sẹ́yìn. Wọ́n fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún fífọ̀. Iṣẹ́ ìdílé wọn nìyẹn.

“Ìwọ ọmọ yìí, ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́? Ọrùn la ti ń so ère látìgbà bàbá mi.”

“Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n máa wo òkúta kí n tó fọwọ́ kàn án. Ó ti sán lábẹ́ irùngbọ̀n.”

Fadá Fulgenzio, tó ń bójú tó ṣọ́ọ̀ṣì náà, di orí mú nísàlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa Kádínà mọ́ mi lọ́wọ́ o!”

“Fadá, ó ti kú tipẹ́,” Ostilio dá a lóhùn.

Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó tẹrí ba wo abẹ́ irùngbọ̀n náà. Ó rí i: ìlà tín-ínrín kan tó yí ọrùn náà po dé ẹ̀yìn etí. Ó pẹ́ kó tó nàró.

“Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni,” ó ní, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀, kí Fadá lè gbọ́. “Nígbà tí mo so ó lọ́rùn gbé e gòkè lógún ọdún sẹ́yìn, mo gbọ́ tó dún ‘kẹ́’. Mo ní etí mi ló ń tàn mí.”

Tecla kò bá a wí. “Ìdí la máa ti gbé e. Ẹ lọ bá mi di okùn mú nísàlẹ̀.”

Láti ogójì ọdún, Ostilio kò di okùn mú nísàlẹ̀ rí; iṣẹ́ ọmọṣẹ́ nìyẹn. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀. Bí Tecla bá ní “Ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀,” á dẹ̀ ẹ́. Bó bá ní “Ẹ dúró,” á dúró. Kádínà ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ pàṣẹ, títí ìdí rẹ̀ fi kan tìmùtìmù tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ dè é.

Fadá mí kanlẹ̀. “Àṣé ó sanra tó báyìí!”

Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín lọ́wọ́ tí fóònù Ostilio fi dún. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Orvieto ni. Wọ́n ní ọ̀gá iṣẹ́ làwọn fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ostilio gbójú sókè wo Tecla, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, tí eruku bo irun rẹ̀.

“Ẹ dúró díẹ̀,” ó sọ fún wọn.

Ó na fóònù sí ọmọ rẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹ̀yin ni wọ́n ń béèrè.”