Ẹ̀gbẹ́ Tábìlì Tí Ẹnikẹ́ni Kì Í Jókòó Sí

Kí ẹnikẹ́ni tó bú ọkọ mi lójú mi, kó jẹ́ kí èmi kọ́kọ́ bú u tán. Káfíńtà ni. Láti ìgbà tí mo ti wọlé rẹ̀ ni ìyẹ̀fun igi ti wà nínú irun rẹ̀, lórí ibùsùn wa, nínú tíì mi. Ó mọ igi débi pé bó bá fi ìka kan pákó lásán, á sọ fún ẹ bóyá òjò ti pa á rí. Ohun tí kò mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń sọ fún èèyàn pé, "Má bínú."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń ṣe eré náà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìdílé ọ̀daràn ni: bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́ta, àtàwọn ọmọọ̀ṣẹ́ tí ọrùn wọn ki. Òkèèrè ni wọ́n ti ṣe é, àwọn kan ló wá ń fi èdè wa sọ ọ́ lé wọn lẹ́nu, nítorí náà ẹnu wọn á ti pa dé, ọ̀rọ̀ á ṣì máa jáde. Bí àlá ló máa ń rí lójú mi. Bàbá wọn la sọ ní Oníbọ̀wọ́, torí pé ìbọ̀wọ́ dúdú kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ àfi tó bá fẹ́ jẹun. Bó bá ti bọ́ ọ, tó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, ara mi á rọ̀ pẹ̀sẹ̀.

Mo mọ̀ pé apànìyàn ni, èmi kì í ṣe ọmọdé. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń jẹun. Tábìlì gígùn kan ni gbogbo wọn á jókòó tì, iná á máa tàn yẹ́ẹ́ lórí àwo, wọ́n á máa jiyàn, wọ́n á máa já búrẹ́dì gbà lọ́wọ́ ara wọn, ìyá wọn á máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun náà gbọ́ tẹnu òun. Oníbọ̀wọ́ á kàn na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìwo ibẹ̀, àbíkẹ́yìn rẹ̀ á sì fi iyọ̀ sí i lọ́wọ́. Àwọn tó pààyàn lọ́sàn-án ló ń bu ọbẹ̀ fún ara wọn nírọ̀lẹ́. Èmi tí mi ò pa eèrà rí, èmi àti ọkọ mi la jọ ń jẹun, a kì í sì í sọ̀rọ̀.

Àbíkẹ́yìn tiwa, ọmọkùnrin tó ń bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ló fà á. Olùkọ́ kan ní kí ọkọ mi ṣe ilẹ̀kùn fún òun, ojúlówó igi látòkè délẹ̀. Igi tó yẹ kó dé kò dé lásìkò, bẹ́ẹ̀ ọkọ mi ti fọwọ́ sọ̀yà. Ló bá fi pákó lílẹ̀, àwẹ́ igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, ṣe inú rẹ̀, ó fi igi gidi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó lójú, ó kùn ún títí ó fi ń dán. Kò ṣe irú ẹ̀ rí, kò sì tún ṣe irú ẹ̀ mọ́, mo lè búra. Olùkọ́ dé, ó fọwọ́ pa ilẹ̀kùn lára, ó yíjú sí ọmọ mi tó dúró ti bàbá rẹ̀, ó bi í bóyá igi gidi ni jálẹ̀jálẹ̀. Ọmọ mi ní rárá.

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Olùkọ́ bínú lọ, ó sì ròyìn wa káàkiri àdúgbò. Ọkọ mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní ẹni tó bá ń tú àṣírí ilé fún ará ìta, kó lọ máa bá ará ìta gbé. Ọmọ kẹ́rù rẹ̀. Apá kejì ìlú ló wà báyìí, ó ń ṣe fèrèsé ní ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì. Bí bàbá rẹ̀ bá ti jáde ló máa ń pè mí lórí fóònù. Èmi ìyá wá di ẹni tó ń bá ọmọ tó bí sọ̀rọ̀ ní bòókẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń yan àlè.

Àfi bí àbíkẹ́yìn Oníbọ̀wọ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀. Àwa òǹwòran ti mọ̀ kí bàbá rẹ̀ tó mọ̀. Ọkọ mi á sún síwájú lórí àga, á máa bá tẹlifíṣọ̀n wí, á ní kí Oníbọ̀wọ́ la ojú rẹ̀, pé ejò ń bẹ nínú ilé. Nígbà tí Oníbọ̀wọ́ wá gbọ́, tó kàn dákẹ́, ọkọ mi mi orí, ó ní ọkùnrin yẹn mọ ohun tí ilé ń jẹ́. Mo mọ ẹni tí mo fẹ́. Ohun tí Oníbọ̀wọ́ bá fi ọmọ rẹ̀ ṣe ni ọkọ mi máa gbà pé ó tọ́. Bó bá dárí jì í, èmi náà á rí ọmọ mi nílé. Bó bá pa á, ọ̀rọ̀ parí. Ẹjọ́ ọmọ mi ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀daràn tí kò tiẹ̀ sí láyé.

Mo wá ń fi Oníbọ̀wọ́ lá àlá. Á wọ kíṣìnnì mi, á bọ́ ìbọ̀wọ́, á jókòó, èmi á bu omi fún un. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ọmọ tirẹ̀ àti ọmọ tèmi. Ẹnu rẹ̀ ń mì, ọ̀rọ̀ kò sì tíì jáde. Mo ń dúró de ọ̀rọ̀ náà títí mo fi jí.

Àsìkò yẹn náà ni ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kan tábìlì. Ó ní èyí tó wà nílé ti ń mì. Irọ́ ni, mo mọ tábìlì ẹni tó ń wò. Bí wọ́n bá ti jókòó jẹun lórí tẹlifíṣọ̀n, á gbé pẹ́ńsùlù sókè, á dí ojú kan, á máa fi wọ̀n ọ́n, á sì yà á sẹ́yìn páálí. Mo sọ fún un pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí tọmọ ẹlòmíì. Ó kàn pọ́n pẹ́ńsùlù rẹ̀ sí i.

Ọjọ́ tí tábìlì wọlé, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó rẹwà, gbogbo pálọ̀ sì ń rùn bí igi tútù. Ó gbé àga kan síhìn-ín, ọ̀kan sọ́hùn-ún, ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ẹ̀gbẹ́ tó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tí ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ á kẹ̀yìn sí i, kò gbé nǹkan kan síbẹ̀. Mo rò pé kò tíì ṣe é tán ni. Ó ní ó ti tán, pé bẹ́ẹ̀ ni tàwọn Oníbọ̀wọ́ ṣe rí, ẹnikẹ́ni kì í jókòó síbẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Odidi ọ̀gá káfíńtà! Mo ní ọkùnrin yìí, torí kí àwa lè rí wọn ni wọ́n ṣe fi ibẹ̀ sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìpàkọ́ la máa máa wò. Àwa la jókòó sí ẹ̀gbẹ́ yẹn. Ó họ orí. Ojú tì í, mo rí i. Àmọ́ agídí ò jẹ́ kó gbà.

"Ẹni mẹ́ta náà la jẹ́," ó ní. "Èmi, ìwọ, àti nọ́ọ̀sì."

Nọ́ọ̀sì ni ọmọ wa obìnrin, tó máa ń wá kí wa lọ́jọ́ Àìkú. Mo mú aṣọ ìnulẹ̀, mo ń nu ibi tí kò dọ̀tí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, nọ́ọ̀sì wà lẹ́nu iṣẹ́, àwa méjì nìkan la wà nílé. Oníbọ̀wọ́ bọ́ ìbọ̀wọ́. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ọbẹ̀ fún àbíkẹ́yìn rẹ̀, ó fi ẹnu kò ó lórí, ó ní kó bá awakọ̀ lọ sí etí odò, kó lọ bá òun ra ẹja. Ọmọ náà wọ mọ́tò, ó ń rẹ́rìn-ín. Mọ́tò padà dé, awakọ̀ nìkan ló wà nínú ẹ̀. Mo bojú.

Nígbà tí mo ṣíjú, wọ́n tún ti wà nídìí tábìlì, lọ́jọ́ mìíràn. Wọ́n ti gbé àga kan kúrò, àwọn yòókù sì ti sún mọ́ra kí àyè má bàa hàn. Wọ́n ń jẹun. Oníbọ̀wọ́ na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìwo ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi iyọ̀ sí i. Ọwọ́ náà wà níbẹ̀, ó wà níbẹ̀.

Mo ti rí irú ọwọ́ yẹn. Ní ṣọ́ọ̀bù ni, nígbà tí mo gbé oúnjẹ lọ. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́ iṣẹ́, ó na ọwọ́ sẹ́yìn fún òòlù bó ṣe máa ń nà án sí ọmọ mi, ó sì gbàgbé pé kò sẹ́ni níbẹ̀. Mi ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Lọ́tẹ̀ yìí mo sọ ọ́.

"Ṣé ohun tí ò ń wá nìyẹn? Ọwọ́ òsì ti bá ọmọ wí. Ọwọ́ ọ̀tún ńkọ́?"

Ó dìde, ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó jáde. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ìró ayùn ní ṣọ́ọ̀bù, mo sì sùn lọ lórí àga. Oníbọ̀wọ́ kò wá sójú àlá mi. Nígbà tí mo jí, ọkọ mi dúró lé mi lórí, ìyẹ̀fun igi kún irun rẹ̀.

"Sọ fún ọmọ rẹ kó wá wo tábìlì," ó ní. Àṣé ó ti mọ̀ pé à ń pe ara wa.

Ọmọ mi dé lọ́jọ́ Àìkú. Ó ti rù. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ ní kó dìde, kó wo iṣẹ́. Àga kẹrin ti wà ní ẹ̀gbẹ́ tó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Nọ́ọ̀sì wò mí, mo wò ó. Ọkọ mi wá bi ọmọ náà pé irú igi wo ni òun fi ṣe é. Mo bẹ Ọlọ́run pé lẹ́ẹ̀kan yìí, ọjọ́ kan ṣoṣo yìí, kí ọmọ yìí purọ́.

Ó fọwọ́ pa tábìlì lára. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀. Ó fi ìka kan àwọn àga lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dé ìkẹrin.

"Igi gidi ni gbogbo wọn," ó ní. "Àfi èyí. Pákó lílẹ̀ ni."

Ọkọ mi ń wo ilẹ̀.

"Igi ló tán," ó ní. "Mi ò sì lè dúró de òmíì."

"Á gbé mi, Bàbá."

"Jókòó, jàre. Ọbẹ̀ ti ń tutù."

Ó jókòó. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n wà, eré sì ti bẹ̀rẹ̀, mo ń gbọ́ ohùn Oníbọ̀wọ́. Mi ò rí i. Orí ọmọ mi dí gbogbo rẹ̀ pátápátá, mi ò sì ní kó sún.