Gìgísẹ̀ Mi àti Ìyá Agbẹ̀bí

Bí wọ́n bá ń wá ẹni tó mọ ìránṣẹ́ ṣe nínú ìjọ wa, èmi ni kí wọ́n wá. Télọ̀ ni mí. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè mí, nítorí pé mo tín-ín-rín, ẹnu mi sì mú. Bí ara ẹnì kan ò bá yá, kí dókítà tó dé, mo ti fọ aṣọ rẹ̀ sá. Kì í ṣe pé mò ń fọ́nnu o, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni.

Ìtọ́jú Ìyá Agbẹ̀bí ni iṣẹ́ mi gan-an. Ilé wọn àti ṣọ́ọ̀bù mi kọjú síra. Àwọn ló gbẹ̀bí èmi àti ìdajì àdúgbò, kí ọwọ́ wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Láti ìgbà tó ti ń gbọ̀n ni mo ti ń bá wọn gbálẹ̀, tí mò ń bá wọn pọnmi. Bí wọ́n bá nawọ́ sí ìgbálẹ̀ pẹ́nrẹ́n, màá já a gbà.

"Ẹ jókòó, Ìyá. Ẹ sinmi."

Àṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni mò ń dá. Ní Fúráídè kan, mo bá àpótí ńlá lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, aṣọ kún un dẹ́nu.

"Ìyá, ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Ọ̀dọ̀ ọmọ mi. Ọkọ̀ á wá gbé mi ní Mọ́ńdè."

"Kí la fi ṣe yín?"

"Gbogbo nǹkan lẹ̀ ń bá mi ṣe, ìyẹn náà ló ń lé mi lọ. Tó bá jẹ́ pé kí n máa jókòó bí àga ni, mo kúkú lè jókòó nílé ọmọ mi."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo rán apá aṣọ mọ́ ibi tó yẹ kí ọrùn wà. Ìyá tó bí mi ti kú. Bí èyí náà bá lọ, ta ni yóò máa bá mi wí?

Sọ́ńdè yẹn bọ́ sí ọjọ́ tí a máa ń wẹ ẹsẹ̀ ara wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, gẹ́gẹ́ bí Jésù ṣe wẹ ti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ọdọọdún ni mò ń wẹ ti ẹlòmíì, ẹnikẹ́ni ò wẹ tèmi rí. Tó bá ti kàn mí láti jókòó, màá gbé básíà, ó di ìdí ẹ̀rọ omi. Gìgísẹ̀ mi ló fà á. Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi ń tẹ maṣíìnì, ó sì ti là yánnayànna.

Mo tún ti gbé básíà, mò ń sá lọ, ni ọwọ́ kan tó ń gbọ̀n bá dì í mú.

"Jókòó," ni Ìyá Agbẹ̀bí wí.

"Èèwọ̀! Kí ẹ̀yin kúnlẹ̀ fún èmi? Ẹ fẹ́ kí ayé bú mi ni?"

Kí n tó wí bẹ́ẹ̀ tán, wọ́n ti kúnlẹ̀. Mo fẹ́ fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, àmọ́ mo wo ojú wọn. Wọn ò bínú. Ṣe ni wọ́n ń bẹ̀ mí. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ohun tí mò ń já gbà lọ́wọ́ wọn ju ìgbálẹ̀ lọ.

Mo jókòó, mo ti ẹsẹ̀ bọ omi.

Omi ta sí mi láṣọ, ó ta sí pásítọ̀ lójú. Wọ́n gbé gìgísẹ̀ mi sókè, wọ́n wò ó títí.

"Abẹ́rẹ́, ọwọ́ mi yìí ló kọ́kọ́ di ẹsẹ̀ yìí mú láyé. Kò rí báyìí nígbà tí mo gbé e fún ìyá rẹ."

Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú mi.

Ní Mọ́ńdè, ọkọ̀ dé, ó fọn fèrè. Ìyá Agbẹ̀bí yọ sí i pẹ̀lú òkúta ìfọsẹ̀ lọ́wọ́.

"Máa lọ, ọmọ mi," ni wọ́n sọ fún awakọ̀. "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, áńbọ̀tórí gìgísẹ̀. Tó bá dán, màá ránṣẹ́ pè ẹ́."

Láti ìgbà náà, ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni wọ́n máa ń fọ gìgísẹ̀ mi ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn mìíràn ti ń gbé ẹsẹ̀ tiwọn náà wá. Káfíńtà tí kì í kí ẹnikẹ́ni wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ń dúró de ìgbà tó máa kàn án, ó sì ń bá wọn jiyàn bọ́ọ̀lù.

Ìyá ní ó ku díẹ̀ kí tèmi dán, kí àwọn sì ránṣẹ́ pe awakọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bọ́ bàtà láràárọ̀ kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, tí mò ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ rìn bọ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ ẹ̀yìnkùlé.