Àgbá Tó Kan

Nígbà tí àgbá wáìnì tó tóbi jù lọ nílé wọn kan gógó, Nevio sọ fún bàbá wọn pé Armida àbúrò òun ló wọ àjà ilẹ̀ tí wọ́n ń tọ́jú wáìnì sí nígbà tó ń ṣe nǹkan oṣù. Bàbá gbà á gbọ́. Ní àwọn òkè Piemonte láyé ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tí kò gbà pé bí obìnrin bá ṣe bẹ́ẹ̀, wáìnì á bàjẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ Armida kò ti tẹ àjà ilẹ̀ mọ́. Bàbá kú, àwọn méjèèjì hu ewú, Armida ṣì wà lókè nínú ọgbà àjàrà, nínú oòrùn àti òtútù.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn tọ́ ọ wò.” Ilenia, ọmọ Nevio, ló gun òkè wá pẹ̀lú gíláàsì wáìnì lọ́wọ́. “Ọkọ̀ tó ń bá wa rọ wáìnì sínú ìgò ń bọ̀ lọ́la. Òórùn kan wà nínú àgbá kan tí kò yé mi, imú Dádì ò sì gbọ́ òórùn mọ́ látìgbà tí wọ́n ti ṣàìsàn. Tí a bá da èyí tó ti bàjẹ́ pọ̀ mọ́ ìyókù, gbogbo rẹ̀ ló máa ṣòfò.”

Armida kò dáwọ́ ẹ̀ka tó ń gé dúró. “Ẹni tí wọn ò jẹ́ kó wọlé ni wọ́n ní kó wá tọ́ ọ wò? Gbé gíláàsì ẹ lọ.”

“Dádì ló rán mi.”

“Òun náà lẹ́sẹ̀.”

Nígbà tó yá, Ilenia padà dé pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀, Nevio tẹ̀lé e, ó ń mí gúlegúle, ó sì jókòó sórí òkúta. “Armida, orúnkún mi ti kú.”

“Tèmi náà ti kú. Inú ọgbà yìí ló kú sí.”

“Ó ti tó báyìí. Sọ̀ kalẹ̀. Mo ní kí o wọlé, kò sẹ́ni tó máa dá ẹ dúró.”

“Ẹ ń dárí jì mí nìyẹn, àbí?” Ó nu ẹnu àlùmọ́gàjí rẹ̀ mọ́ aṣọ. “Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ba àgbá bàbá wa jẹ́?”

“Ọ̀rọ̀ àtijọ́ lo tún ń hú jáde! Bàbá ti kú.”

“Wọ́n kú láì yọ́nú sí mi. Ta ni?”

Nevio wo òrùlé ilé wọn nísàlẹ̀. Ó mọ̀ pé obìnrin yìí lè jókòó síbí kó máa wò ó títí gbogbo wáìnì náà á fi kan. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe òkè tó gùn nìkan ló mú kó rẹ̀ ẹ́.

“Èmi ni,” ló sọ sínú kọ́là ẹ̀wù rẹ̀.

“Mi ò gbọ́.”

“Mo ní èmi ni! Igi óákù tí wọ́n fi ṣe àgbá máa ń mu wáìnì, á sì máa dín kù. Bàbá ní kí n máa bù kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mi ò bù kún un. Òde ijó ni mo ń lọ lábúlé kejì, atẹ́gùn sì wọ inú àgbá, ló bá kan. Ilenia, ìwọ náà gbọ́ o: àǹtí ẹ ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo ba wáìnì bàbá wa jẹ́, mo sì purọ́ mọ́ ọn.”

Armida ki àlùmọ́gàjí bọ àpò, ó gba gíláàsì náà lọ́wọ́ Ilenia, ó sì gbé e sí imú.