Wọ́n Ní Màmá Gba Àpótí Náà Tọwọ́tẹsẹ̀

Ọlọ́run dá ọ̀run òun ayé ní ọjọ́ mẹ́fà, n kò sì gbọ́ pé ó pe ìpàdé kankan lórí rẹ̀. Àwa tí a ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì ní yunifásítì lórí àkóso ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ohun tuntun, ìpàdé la fi ń jẹun. A máa ń pàdé láti mọ ìgbà tí a ó tún pàdé. Ìrọ̀lẹ́ ni kíláàsì wa nítorí pé òṣìṣẹ́ ni gbogbo wa. Yàrá náà wà lókè pátápátá, gíláàsì ni wọ́n sì fi ṣe ògiri rẹ̀ yíká, kí àwọn tó ń kọjá lè máa rí wa bí a ti ń ronú.

Olùkọ́ kọ̀ǹpútà ni mí nílé ìwé girama. Mo forúkọ sílẹ̀ nítorí mo rò pé wọn yóò kọ́ mi bí nǹkan tuntun ṣe ń wọ àárín ènìyàn láìṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Ohun tí wọ́n kọ́ mi ni bí a ṣe ń ya ọfà. Ọfà kan á lọ sókè, òmíràn á yí po, Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ wa á sì fà sẹ́yìn wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pín òkun níyà.

Àwa mẹ́ta ni wọ́n pa pọ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá. Ẹnì kejì mi jẹ́ òṣìṣẹ́ báǹkì, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó máa ń fara mọ́ ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Aṣáájú wa ni ọmọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀rọ fáwọn ilé iṣẹ́, tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Ọ̀gá Ìyípadà, torí kò lè bèèrè omi mímu láìfi ìyípadà kún un. Aríran ló kọ sára káàdì tó ń pín fún ènìyàn. Àwọn aríran tí mo kà nípa wọn láti kékeré, ẹ̀rù ló máa ń bà wọ́n nígbà tí Ọlọ́run bá pè wọ́n. Tiwa, ṣe ló lọ tẹ̀ ẹ́ sí káàdì.

Ohun tí a gbé kalẹ̀ ni àpótí oògùn tó ń sọ̀rọ̀, fún àwọn àgbàlagbà. Àpótí funfun pelebe ni, ó ní yàrá kéékèèké nínú, oògùn ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú tirẹ̀. Bí àkókò bá tó, ohùn obìnrin kan á jáde pé, "Ó ti tó àkókò oògùn yín." Bí wọn kò bá ṣí ìdérí rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, kò sì ní dákẹ́ títí wọn yóò fi ṣí i. Bí wọ́n bá ti ṣí i, ìròyìn á dé sórí fóònù Ọ̀gá Ìyípadà pé ẹni náà ti lo oògùn.

Mo ní, "Ó ti ṣí ìdérí ni o. Ta ló sọ pé ó ti lo oògùn?"

"Àǹtí Olùkọ́, ta ló ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀ tí kò ní í bu níbẹ̀?"

"Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti kan."

Òṣìṣẹ́ báǹkì bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé Ọ̀gá Ìyípadà kò rẹ́rìn-ín, ó yáa gbé tirẹ̀ mì.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín fún mi. Ilé ìwòsàn kan ti bá yunifásítì ṣàdéhùn pé bí àpótí náà bá ṣiṣẹ́, àwọn yóò gbé e fún gbogbo àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn kò sì ní rán nọ́ọ̀sì lọ sílé wọn mọ́. Nọ́ọ̀sì yẹn ló ń wá wo ìyá mi. Ẹ̀jẹ̀ Màmá a máa ga, ó sì ti gbé wọn ṣubú rí. Nítorí náà, nígbà tí Ọ̀gá Ìyípadà ní ìyá mi àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa la ó fi dán àpótí náà wò, mo gbà. Mo ní ó sàn kí ojú mi wà níbẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé àpótí wá sí yàrá Màmá. Ó jókòó sórí àga tí wọ́n tẹ́ aṣọ mímọ́ lé nítorí tirẹ̀, ó da gbogbo oògùn jáde kúrò nínú páálí wọn, ó tò wọ́n sínú àpótí. Kí n tó lọ bu omi dé, ó ti ká páálí náà, ó ti sọ ọ́ sínú garawa ìdọ̀tí níta, ọkọ̀ akólẹ̀ sì ti kó o lọ.

Mo ní, "Kí ló dé tó o da páálí nù? Ara rẹ̀ ni Màmá fi ń mọ èyí tó jẹ́ èyí."

"Ọ̀jọ̀gbọ́n ti sọ ọ́, Àǹtí. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gba tuntun, kó gbé àtijọ́ kúrò níwájú wọn."

Mo jókòó ti Màmá, mo fi ìka tọ́ka sí oògùn náà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Funfun ni gbogbo wọn, róbótó ni gbogbo wọn. Màmá ń mi orí. "Mo ti gbọ́, ọmọ mi. Ó ti yé mi."

Ọ̀gá Ìyípadà yọ fóònù jáde, ó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. "Màmá, ṣé àpótí yìí tẹ́ yín lọ́rùn?"

"Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ọlọ́run á gbé iṣẹ́ yín ga. Ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ fi wá, kò ní í kọ."

Ó tẹ fóònù. Mo yọjú wò ó: ó tẹ́ ẹ lọ́rùn gidigidi.

"Ṣé ẹ máa gba ẹlòmíràn níyànjú láti lò ó?"

"Hẹn-ẹn, kí Olúwa jẹ́ kó kárí. Ìyá tó bí yín yóò jẹun ọmọ."

Ó tún tẹ fóònù: yóò gba ẹlòmíràn níyànjú.

Mo fà á jáde sí ẹnu ọ̀nà. "Ṣé wọn ò tọ́ ọ nílé ni? Àdúrà ni Màmá ń gbà fún ọ. Wọn ò tíì dáhùn ohun tó o bi wọ́n."

"Àǹtí, dátà ni dátà."

Ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé ni. Bó bá wọ ṣẹ́ẹ́tì tuntun wọlé tí àgbàlagbà kan kí i pé ó wù ú, ó mọ̀ dájú pé àgbàlagbà náà kò ní kó bọ́ ọ fún òun. Ṣùgbọ́n ó gboyè kìíní, ó ń lépa èkejì, gbogbo ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ti ṣàn jáde ní etí kejì. Bó ṣe yí ká ilé àwọn akọrin tó kù nìyẹn, tó ń kó àdúrà jọ, tó ń pè é ní ẹ̀rí. Ìyá Aránṣọ, ọ̀rẹ́ Màmá, tilẹ̀ súre fún àwọn ọmọ tí kò tíì bí. Ọ̀gá Ìyípadà kọ ọ́ sílẹ̀ pé oníbàárà rí ọjọ́ iwájú nínú ọjà wa.

Àpótí ń ké, ìdérí ń ṣí, fóònù ń dún. Ní kíláàsì, Ọ̀jọ̀gbọ́n ya ọfà wa ga débi pé ó di dandan kó gun àga. Wọ́n sì ní kí nọ́ọ̀sì dúró ná, kó má baà da ìdánwò náà rú.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ tí a ó gbé iṣẹ́ wa kalẹ̀, mo lọ kí Màmá. Ojú wọn wú, wọ́n ń di ògiri mú rìn. Wọ́n ní oorun ni kò tó. Bí a ti jókòó ni àpótí ké. Màmá na ọwọ́, wọ́n ṣí ìdérí, wọ́n pa á dé, wọ́n sì wí fún ohùn inú rẹ̀ pé, "Ẹ ṣeun, màdáámù."

"Màmá, kí lẹ ṣe yẹn?"

"Mo dá a lóhùn ni. Ó ń pè mí láti àárọ̀."

"Oògùn ńkọ́?"

Màmá tún ìró wọn ró. "Ó wà."

"Níbo?"

Ó wà nínú agolo bisikíìtì, lábẹ́ ibùsùn. Gbogbo rẹ̀. Wọn kò mọ èyí tó jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀, wọn kò mọ èyí tó jẹ́ ti orúnkún, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n kí wọ́n má lọ gbé méjì mì níbi tó yẹ kí wọ́n gbé ọ̀kan.

"Ẹ sì ń kó o kúrò nínú àpótí?"

"Ọmọ yẹn máa ń wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá bá a níbẹ̀, inú rẹ̀ á bàjẹ́. Wàhálà tó ṣe pọ̀, ọmọ ọlọ́mọ. Mi ò fẹ́ já a kulẹ̀."

N kò mọ̀ bóyá kí n sunkún tàbí kí n rẹ́rìn-ín. Mo mú wọn lọ sí ilé oògùn tó wà ní kọ̀rọ̀ àdúgbò. Ọkùnrin tó wọn ẹ̀jẹ̀ wọn tún un wọ̀n, ó wò mí lójú bí ẹni pé èmi ni mo ń dá wọn lóró. Mo ra òmíràn nínú páálí rẹ̀, Màmá sì gbé e mì níbẹ̀ tàdúràtàdúrà.

Mo pe àwọn ẹgbẹ́ mi sórí fóònù. Mo rò ó fún wọn bó ṣe rí.

Ọ̀gá Ìyípadà ní, "Ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn, Àǹtí. A kì í fi ẹnì kan ba dátà jẹ́."

"Mo ti bá Ìyá Aránṣọ sọ̀rọ̀. Abẹ́ ìrọ̀rí ló ń ti tirẹ̀ bọ̀. Nínú gbogbo àwọn akọrin, Ìyá Olórin nìkan ló ń lò ó dáadáa, torí pé ọmọ rẹ̀ ló ń bá a mú un."

"Ẹ wò ó, kì í ṣe pé àpótí kò dára. Àwọn ni wọn ò tíì ṣe tán fún ìyípadà."

"Ìwọ ọmọ yìí, wọ́n ti ṣe tán láti kú kí inú rẹ má baà bàjẹ́. Ìmúratán wo lo tún ń wá?"

Òṣìṣẹ́ báǹkì ní òótọ́ lọ̀rọ̀ mi. Ọ̀gá Ìyípadà ní wọn yóò dín máàkì wa kù. Òṣìṣẹ́ báǹkì ní òótọ́ ni ìyẹn náà.

Nígbà tí ọjọ́ pé, gbọ̀ngàn kún. Dókítà obìnrin kan tó ṣojú ilé ìwòsàn náà jókòó níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀gá Ìyípadà rìn lọ rìn bọ̀ lórí pèpéle bí oníwàásù tí kò ní ìhìn. Ó ní gbogbo àgbàlagbà tí a fún ní àpótí ló gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, láìku ẹnì kan. Ó ní àkókò nọ́ọ̀sì tó ń ti ilé dé ilé ti kọjá. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí ìyá mi. Mo ti bẹ Màmá pé kí wọ́n má wá. Wọ́n ní àwọn ti ṣèlérí fún un.

"Màmá, ẹ sọ fún wọn fúnra yín."

Màmá dìde. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ yunifásítì, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ilé náà. Wọ́n ní ọmọ náà yóò dàgbà, yóò dògbó. Gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Dókítà fa bírò yọ, mo sì mọ ohun tó fẹ́ kọ.

Mo dìde níbi tí mo wà. "Màmá, ẹ má bínú. Oògùn inú àpótí yẹn, ṣé ẹ ń gbé e mì?"

Ìyá mi kò purọ́ rí láyé wọn. Wọ́n wò mí, ojú yẹn mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Wọ́n yíjú sí Ọ̀gá Ìyípadà.

"Ọmọ mi, ẹ foríjì mí. Mi ò gbé ọ̀kankan mì. Wọ́n jọra jù."

Ẹ̀yin tí ẹ bá rò pé ìtìjú mú ẹnì kan níbẹ̀, ẹ kò tíì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ọ̀jọ̀gbọ́n fò sókè. Ó ní ohun tí ilé ayé ń wá nìyí, pé ẹ̀dà kejì àpótí náà yóò ní kámẹ́rà tí yóò máa wo ẹnu wọn. Ọ̀gá Ìyípadà ní òun ti rí i tẹ́lẹ̀, ó ní ìjákulẹ̀ tó lọ́gbọ́n nínú la mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn pẹ̀lú. Wọ́n fún ẹgbẹ́ wa ní máàkì tó ga jù, nítorí ìgboyà láti kùnà. Òṣìṣẹ́ báǹkì bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní òun ti mọ̀ pé ibi tí yóò já sí nìyẹn.

Dókítà nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó kọjá láàárín wọn, ó wá jókòó ti Màmá, ó di ọwọ́ wọn mú.

"Ìyá, ta ló kó oògùn yín kúrò nínú páálí?"

Màmá kọ̀, wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Èmi dárúkọ.

"Nọ́ọ̀sì yín ń bọ̀ lọ́la," ó ní. "Yóò sì máa bọ̀. Ẹ bá mi gbé àpótí yẹn fún Ọ̀jọ̀gbọ́n, kó fi tọ́jú bírò rẹ̀."

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa relé, Màmá kọjú sí fèrèsé. A ti ń sún mọ́ ilé kí wọ́n tó ní, "O dójú ti ọmọ ọlọ́mọ láàárín ọ̀pọ̀ èrò."

"Màmá, wọ́n fún un ní máàkì tó ga jù!"

"Ìwọ ò dẹ̀ rí i bí ojú rẹ̀ ṣe rí nígbà tí mo sọ ọ́. Bó o bá délé, kí o gbàdúrà fún un. Má fi ṣẹ̀fẹ̀ o. Mo mọ̀ ọ́."

Mo délé, mo kúnlẹ̀. Mo gbàdúrà fún Màmá, ó gùn. Mo gbàdúrà fún nọ́ọ̀sì àti fún dókítà yẹn, tilétilé. Mo wá dé orí Ọ̀gá Ìyípadà, mo tún ìkúnlẹ̀ mi ṣe, nítorí mo mọ̀ pé kò yẹ kí n gbé ẹ̀gàn lọ síwájú ìtẹ́ àánú. Mo ní, "Olúwa, ọmọ rẹ ni. Ṣàánú fún ìyá tó bí i, má jẹ́ kó gbé àpótí kankan lọ fún un." Mo ṣe àmín, mo dìde.

Kò gùn, ṣùgbọ́n tọkàntọkàn ni.