Ẹ Má Bi Í, Ẹ Wá Wò Ó

Bí ẹ bá rí mi lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ ó ní wọ́n da ata sórí àga mi ni. Mi ò jókòó. Mo ń jẹun lórí ìdúró, mo ń ka pósítà lórí ìdúró, mo sì ń bá gbogbo ayé jà lórí ìdúró. Ọjọ́ Sátidé la máa gbé fíìmù wa jáde ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ wa, èmi sì ni alukoro. Ìpolówó fíìmù náà ni wọ́n máa fi dán mi wò. Bó bá bàjẹ́, ilé ni mo ń lọ, torí pé mo ti fìdí rẹmi nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọn kì í gba ìkejì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọdún tó kọjá, kẹ́ ẹ má baà rò pé mo kàn ń fọ́nnu ni. Mo fi pupa ṣe pósítà, mo fi búlúù ṣe tíkẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ tó wà lára ìkan ò sí lára ìkejì. Èèyàn mọ́kànlá ló wá, mẹ́ta nínú wọn ló sì jẹ́ pé òjò ni wọ́n ń sá fún. Olùkọ́ wa, tí a máa ń pè ní Má-Yí-I-Padà tí kò bá sí nítòsí, wo gbogbo ẹ̀, ó wá ní, "Ìpolówó rẹ yìí dà bí ilé tí gbogbo ará ibẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà." Mo sunkún débi pé ojú mi wú.

Lọ́dún yìí, mo jẹ́jẹ̀ẹ́. Àwọ̀ kan, ojú kan, ọ̀rọ̀ kan, ó parí. Fíìmù wa dá lórí ọkùnrin kan tó háwọ́ bí ahun, tó lọ fá irùngbọ̀n. Onígbàjámọ̀ fá apá kan tán, wọ́n bá pè é pé ìyàwó ẹ̀ ń rọbí, ló bá fi abẹ sílẹ̀, ó sá lọ. Ahun ti sanwó, kò sì ní sanwó lẹ́ẹ̀mejì láyé ẹ̀, ló bá ń gbé irùngbọ̀n apá kan wá onígbàjámọ̀ kiri ìgboro láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ṣe ahun. Kì í ṣe ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa o, àmọ́ mi ò tíì rí ẹni tó lè le ojú koko bíi tiẹ̀ tí àwọn èèyàn á máa fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lẹ́rìn-ín. Ó sì ráyè, torí pé ọdún kejì rèé tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ojú ẹ̀ ni mo fi ṣe gbogbo nǹkan. Yẹ́lò lẹ́yìn, ojú Bọ̀ọ̀dá níwájú, irùngbọ̀n bo apá ọ̀tún, apá òsì ń dán bí àwo. Mo wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: Ẹ má bi í, ẹ wá wò ó. Mo fi ọjọ́ àti gbọ̀ngàn sí i, àmọ́ mi ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé fíìmù ni. Pósítà, tíkẹ́ẹ̀tì, fídíò kékeré tí a ń gbé jáde ní àràárọ̀, bákan náà ni gbogbo wọn. Èyí tó wá dùn mọ́ mi jù ni pé Bọ̀ọ̀dá ò ní fá èyí tó kù. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni yóò fi máa gbé ojú yẹn rìn nígboro. Ẹni tó bá bi í léèrè, tíkẹ́ẹ̀tì ni yóò fún un, kò sì gbọdọ̀ ṣàlàyé.

"Fún ẹnikẹ́ni?" Ó bi mí lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀.

"Fún ẹnikẹ́ni, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ búra fún mi."

Ó fọwọ́ lé apá ibi tí irun wà. "Mo fi èyí tó ṣẹ́kù yìí búra."

Ẹ̀yin èèyàn, ó ṣiṣẹ́! Àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ ń na ọ̀rùn wò ó. Àwọn tó ń gba aṣọ lọ́dọ̀ màmá wa, tó jẹ́ télọ̀, ń fọgbọ́n béèrè bóyá ara ọmọ Màmá yá. Màmá fìbínú sọ fún mi pé, "Wọ́n ní orí ọmọ mi ti dàrú. Ìwọ lo sì fa gbogbo ẹ̀." Inú mi dùn dé gongo. Síbẹ̀ ara mi ò balẹ̀. Tí mo bá ti jí, màá kọ́kọ́ lọ yọjú wo Bọ̀ọ̀dá lórí bẹ́ẹ̀dì, bóyá irun ṣì wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Mo ń gé tíkẹ́ẹ̀tì.

"Alukoro," ó ní, bó ṣe máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn, "tí nǹkan pàtàkì kan bá yọjú, ṣé mo lè…"

"Ẹ ò lè fá a!"

"Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán."

"Ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́ tán."

"Tí a bá fi gọ́ọ̀mù lẹ irun mìíràn mọ́ ọn ńkọ́?"

"Ṣebí a dán an wò nígbà tí à ń ya fíìmù, tó já sínú tíì yín! Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́. Bí ọba bá ránṣẹ́ pè yín, ẹ gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi wálé ni? Kí lẹ tiẹ̀ fẹ́ fá a fún? Iṣẹ́ wo lẹ ń lọ?"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo rí i lójú ẹ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún. Àmọ́ mo ní tíkẹ́ẹ̀tì igba láti gé, mo bá tẹjú mọ́ sísọ́ọ̀sì mi. Ó ní, "Ó tán. Mo ti gbọ́," ó sì lọ.

Lọ́jọ́ kejì, onítẹ̀wé fẹ́ pa mí. Ó gbé pósítà tuntun jáde, gbogbo ẹ̀ pọ́n bí ọsàn.

"Yẹ́lò nìyẹn," ó ní.

"Yẹ́lò wo? Ẹ jẹ́ ká bó o, ká mu omi inú ẹ̀!"

Mo dúró tì í títí tó fi tún gbogbo ẹ̀ tẹ̀. Ó ní òun ò tíì rí oníbàárà tó le báyìí láti ìgbà tí òun ti ń tẹ̀wé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mi ò mọ̀ pé ó ń bú mi ni.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ, mo bá Bọ̀ọ̀dá nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó ń kun bàtà. Kàkà kí n bi í pé níbo, kí ni mo sọ? "Ẹ̀ẹ́n-ẹn? Aṣọ yẹ́lò dà? Fídíò tòní ńkọ́?" Kò jiyàn. Ó bọ́ funfun, ó wọ yẹ́lò, a ya fídíò wa, ó bọ́ yẹ́lò, ó tún wọ funfun padà, ó sì jáde kíákíá bí ẹni tó ti pẹ́.

Ọ̀sán ni Màmá tó sọ fún mi. Ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń ṣe búrẹ́dì ló pè é fún íńtáfíù. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa bójú tó ìyẹ̀fun wọn, irú iṣẹ́ tó ti ṣe fún ọdún mẹ́fà kí wọ́n tó dá a dúró. Láti ọjọ́ Ajé ni lẹ́tà ti wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ojú tì mí, mi ò mọ ibi tí màá fi orí sí. Nígbà tó dé, mo sáré pàdé ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n má purọ́ fún yín: ohun tí mo kọ́kọ́ wò ni bóyá irùngbọ̀n ṣì wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀. Mo sì mí kanlẹ̀.

"Kí ni wọ́n sọ, Bọ̀ọ̀dá?"

"Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní tó bá di ọjọ́ Ajé, àwọn á pè mí."

"Ẹ má bínú."

"Wọ́n ní àwọn á pè mí," ó tún ní, ó sì bọ́ bàtà ẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, gbọ̀ngàn kún, àwọn kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀rín wọn ń mi fèrèsé. Èmi ń lọ, mo ń bọ̀ lẹ́yìn ògiri, mò ń jẹ èékánná. Nígbà tó parí, Má-Yí-I-Padà wá bá mi, ó ní, "Láti pósítà dé orí èèyàn fúnra ẹ̀, kò yẹ̀ níbì kankan. O yege." Mo fò sókè. Mo dì mọ́ ọn, ẹ̀rù sì bà mí lẹ́yìn tí mo dì mọ́ ọn tán.

Ìyá kan tó jókòó lọ́wọ́ iwájú ń dúró kí n ṣe tán. Ó di tíkẹ́ẹ̀tì yẹ́lò mú.

"Ìwọ lo ṣe ìpolówó yìí?"

"Èmi ni, mà." Mo kúnlẹ̀, mò ń retí ìyìn.

"Èmi ni mo ni ilé iṣẹ́ búrẹ́dì tí ẹ̀gbọ́n rẹ wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi í pé kí ló ṣe irùngbọ̀n yìí. Mo tiẹ̀ sọ fún un pé nínú gbogbo àwọn tó wá, òun ló mọ iṣẹ́ jù, pé kó ṣáà sọ ìdí ẹ̀ fún wa. Ó ní òun ti búra fún àbúrò òun. A rò pé ó fẹ́ fi wá ṣe ẹlẹ́yà ni." Ó mi orí. "Ká ní a mọ̀ pé fíìmù ni."

"Mà, ẹ ṣì lè pè é. Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"A ti mú ẹlòmíràn lánàá, ọmọ mi."

Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹ̀ ní í bá. Mo wo apá ọ̀dọ̀ ilẹ̀kùn. Àwọn èèyàn ti pé lé Bọ̀ọ̀dá lórí, wọ́n ń bá a ya fọ́tò, ó le ojú koko, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mi ò lè lọ sọ fún un níbẹ̀.

Nígbà tí a délé, Màmá wà ní pálọ̀, ó ń pe ẹbí lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fóònù pé ọmọ òun yege. Mo gbọ́ ìró omi. Bọ̀ọ̀dá dúró síwájú dígí ilé ìwẹ̀, ọṣẹ bo apá ọ̀tún ẹ̀, ó mú abẹ dání, ó ń súfèé.

"Mo fẹ́ kí ojú mi mọ́ tónítóní kó tó di ọjọ́ Ajé," ó ní. "Tí wọ́n bá pè, màá lọ fojú hàn wọ́n."

"Bọ̀ọ̀dá, wọn ò ní pè. Ìyá tó ni ibẹ̀ wá sí gbọ̀ngàn, òun ló sọ fún mi. Wọ́n ti mú ẹlòmíràn. Iṣẹ́ yín ni tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ yín."

Ìsúfèé dákẹ́. Ó wò mí nínú dígí, ó wo ẹnu ọ̀nà pálọ̀, níbi tí ohùn Màmá ti ń wá.

"Má tíì sọ fún un," ó ní. "Jẹ́ kí inú ẹ̀ dùn lónìí."

Ó gbé abẹ sẹ́rẹ̀kẹ́, ó sì tún gbé e kúrò. Mo gba abẹ náà. Ó tẹ̀ ba kí n lè kàn án, mo sì fá a tán.